Fáìlì 1GB, ohùn ìṣẹ́jú 29: níbo ni ohùn parí sí?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi rẹ́kọ́dà gba ohùn ìyá àgbà wa níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa, bátìrì wá kú kí n tó tẹ̀ ẹ́ pa. Fáìlì WAV yẹn wà níbẹ̀, 1,073,741,824 bytes gééré, torí rẹ́kọ́dà yìí máa ń gba àyè sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò bá lò, òdo ló máa kún ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí ohùn parí sí kí n lè gé òdo yẹn kúrò, mo wá lo data.find(b"\x00\x00") nínú Python, 4 ló gbé jáde. Mẹ́rin kẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà míì ò sí o.

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ ṣe kọ́pì ẹ̀ ná, orí kọ́pì la ti máa ṣiṣẹ́. Má fi "wb" ṣí i láéláé, gbogbo ohùn yẹn á pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Iwájú ni find ti ń bẹ̀rẹ̀, òdo sì wà níwájú náà: lẹ́yìn RIFF (lẹ́tà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ fáìlì WAV) ló yẹ kí rẹ́kọ́dà kọ bí fáìlì ṣe tóbi tó sí, bátìrì kú kó tó kọ ọ́. Nínú ohùn gan-an, ibi tí wọ́n bá ti rẹ ohùn sílẹ̀, òdo wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, torí náà má dá fáìlì sí méjì-méjì láti wá a, òdo àárín á tàn ẹ́ jẹ. Ẹ̀yìn ni kó o gbà wọlé:

import os
def opin(fail, b=1<<20):
    with open(fail, "rb") as f:
        p = f.seek(0, os.SEEK_END)
        while p > 0:
            k = min(b, p)
            p -= k
            f.seek(p)
            d = f.read(k).rstrip(b"\x00")
            if d:
                return p + len(d)
    return 0

Mẹ́gà kan-kan ló ń kà, RAM ò ní kún.

Ìbéèrè: Ó gbé 153,491,317 jáde! Mo gé e síbẹ̀, àmọ́ plẹ́yà ní gígùn ẹ̀ jẹ́ 0:00.

Ìdáhùn: Yọ 44 bytes ti hẹ́dà (ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì tó ń sọ irú ohùn tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó) kúrò nínú iye yẹn, ó ku 153,491,273, kò ṣe é pín sí méjì. Tó bá jẹ́ 16-bit mono lo fi gbà á, byte méjì-méjì ni ìró kọ̀ọ̀kan, tí ìró bá sì rẹlẹ̀, byte ẹ̀yìn lè jẹ́ òdo, rstrip tó ń gé òdo ẹ̀yìn kúrò ti gbé e lọ mọ́ òdo ìyókù. Ẹyọ kan péré ni, dá a padà. Hẹ́dà náà ṣì ń sọ pé òfo ni fáìlì, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ iye ẹ̀ sí i (n ni iye tí opin gbé jáde):

import struct
n += (n - 44) % 2
with open("kopi.wav", "r+b") as f:
    f.truncate(n)
    f.seek(4)
    f.write(struct.pack("<I", n - 8))
    f.seek(40)
    f.write(struct.pack("<I", n - 44))

Kódà lórí èyí tó o ti gé, truncate á fi òdo kan yẹn kún un padà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo byte 36 sí 39, "data" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, hẹ́dà tìẹ gùn ju 44 lọ nìyẹn. Ní 44,100 Hz, ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ 88,200 bytes, o máa gbọ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 29.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohùn wọn! Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé mo lè fi opin gé docx tóun náà ní òdo lẹ́yìn?

Ìdáhùn: Rárá o. Zip ni docx, àkọsílẹ̀ ìparí tó jẹ́ 22 bytes ló sábà máa ń wà ní ìdí ẹ̀, byte méjì tó kẹ́yìn nínú ẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ òdo tó jẹ́ ti fáìlì gan-an, tó o bá gé wọn ó lè má ṣí mọ́. Lo rfind(b"PK\x05\x06"), kó o fi 22 kún un, ibẹ̀ ni kó o gé e sí. JPEG ò ní wàhálà yẹn, FF D9 ló ń fi parí.