Bí mo ṣe kọ ìtàn iṣẹ́ Bàbá Kékeré, ológun onífọ́tò

Nígbà tí régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà) Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ wá kí Ojúde Ọba, ọdún tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tó dé, èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè láti bá wọn kọ tiwọn. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré kí Iléyá dé. Ọdún 35 ni Bàbá Kékeré fi sin ilé iṣẹ́ ológun, láti 1981 sí 2016, ẹ̀ka alukoro ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì, ní ipò Master Warrant Officer, ọ̀kan lára ipò tó ga jù fún sójà tí kì í ṣe ọ́fíísà.

Ìwé ìfẹ̀yìntì wọn ni mo kọ́kọ́ kà. Mo tò ó tẹ̀lé ara wọn: Depot ní Zaria, níbi tí wọ́n ti sọ wọ́n di sójà, ilé ẹ̀kọ́ alukoro ológun ní Bonny Camp l'Ékòó, Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lẹ́yìn náà, Sierra Leone. Ojú ewé kan ni gbogbo rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣe.

Nígbà tí mo ráhùn, wọ́n gbé àpótí irin kan sílẹ̀, wọ́n ní, “Má wo iwájú fọ́tò, ọmọ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kà.” Fọ́tò 412 ni mo kà. Ní ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti fi bírò kọ ipò àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú ọjọ́, ìlú, àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Ipò ló máa ń ṣáájú orúkọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn ti Liberia kò sọ ju Monrovia lọ; wọ́n ní ẹni tó bá kọ ibi tí ọmọ ogun wà gan-an ti júwe ọ̀nà fún ọ̀tá, àti pé a kì í gbé fọ́tò ẹni tó ṣubú jáde kí ìdílé rẹ̀ tó gbọ́. Òru ni wọ́n ń fọ fíìmù níbẹ̀, wọn a sì ti kọ́kọ́ ri ìgò oògùn rẹ̀ sínú omi tútù, nítorí ooru a máa ba àwòrán jẹ́.

Ohun kan dà mí láàmú púpọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti di Warrant Officer, fọ́tò tí wọ́n yà kò tó nǹkan mọ́. Mo rò pé wọ́n ti sọnù ni, mo sì fi odindi ọ̀sẹ̀ kan wá wọn káàkiri ilé, títí Bàbá Kékeré fi kó ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlá fún mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò tí àwọn ọmọ abẹ́ wọn kọ ló kún inú wọn, tí wọ́n fi bírò pupa tún ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíísà ló ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Bàbá Kékeré ló ń tọ́jú kámẹ́rà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, tí wọ́n sì ń rí i pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò ṣì kí fọ́tò tó jáde. Mo fa gbogbo ohun tí mo ti kọ ya, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwé pupa wọ̀nyẹn, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wọn ti ga jù lọ.

Ẹgbẹ́ fẹ́ fọ́tò kan tí Bàbá Kékeré ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú 412, mẹ́ta péré ni àwọn fúnra wọn ti hàn. A mú èyí tí wọ́n ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní Freetown, mo sì kọ ipò àti orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n bi mí pé, “Ta ló dúró lápá òsì?” N kò mọ̀ ọ́n. Kọ́púrà tó ń bá wọn gbé àpò fíìmù ni. Wọ́n kọ ipò àti orúkọ rẹ̀ ṣáájú tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú ìwé régbérégbé: kọ́púrà ni àkọ́kọ́, Bàbá Kékeré ni ìkejì.