Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ládùúgbò Takie kẹ́ ẹ máa gbé e lọlé o. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ire àwọn ọmọdé, níjọba ìbílẹ̀ yín, Àríwá tàbí Gúúsù, kí wọ́n wá wo ilé yín àti ibi tọ́mọ náà máa sùn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ẹni tí ò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ṣì ni, ire ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, ẹ tètè fi í síléèwé, kó má lọ jẹ́ pé ọjà kíkiri nìkan lẹ máa máa rán an, ìyẹn máa ń dùn mí gan-an. Tó bá ń sunkún lálẹ́, ẹ jẹ́ kó bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ má kánjú já fóònù náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀.