Kí Táǹkì Má Baà Jò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń To Bàálù Nílé

Van's Aircraft, ilé-iṣẹ́ tó wà ní ìlú Aurora ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, ló ń ta àwọn bàálù RV. Páànù àti rìbẹ́ẹ̀tì (ìṣó tí wọ́n fi ń so páànù pọ̀) ni wọ́n ń kó fún èèyàn, onítọ̀hún á lọ tò ó fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì. Kò ṣàjèjì sí wa pátápátá: Air Beetle tí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà fi kọ́ àwọn awakọ̀ wọn nígbà kan, ara RV-6A, ọ̀kan lára àwọn bàálù RV yìí, ni wọ́n ti mú un jáde, Kàdúná ni wọ́n sì ti tò ó. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nídìí RV, táǹkì epo ni àwọn tó ń tò ó ń sá fún jù. Iṣẹ́ náà ń rùn, ó ń dọ̀tí, bó bá sì bàjẹ́, ojú gbogbo ayé ló ti ń jò.

Iwájú ìyẹ́ gan-an ni táǹkì náà. Páànù alumíníọ̀mù ló bò ó, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, páànù mìíràn dé e lẹ́yìn, gọ́ọ̀mù tí gbogbo wọn ń pè ní Pro-Seal ló sì ń dí oríkèé. RV-7 ń gba gálọ́ọ̀nù 42 nínú ìyẹ́ méjèèjì. Bí ọ̀kan bá jò, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé gọ́ọ̀mù kò tó. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí agolo gọ́ọ̀mù rárá ni wọ́n ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Páànù tuntun máa ń dán, dídán yẹn ló ń tan èèyàn. Gọ́ọ̀mù kì í di ojú tó ń dán mú dáadáa. Ẹ fi Scotch-Brite, kànrìnkàn líle, ha gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù máa kàn títí dídán á fi kú, kí ẹ wá fi àkísà funfun tí ẹ rin mọ́ MEK, kẹ́míkà olómi tó ń tú òróró, nù ún. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù nìyí: wọ́n á nù ún tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Òróró tí MEK tú kò lọ síbì kankan, ó kàn padà jókòó sójú páànù ni. Àkísà gbígbẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí tó tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn á fi jáde ní funfun. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Òógùn ìka lásán tó ohun tí gọ́ọ̀mù máa kọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ o, kí iná má sì sí nítòsí, nítorí èéfín MEK kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Gọ́ọ̀mù náà, funfun àti dúdú ni, inú agolo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Ìwọ̀n 10 funfun sí 1 dúdú ni, orí òṣùwọ̀n sì ni ẹ ti máa wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ojú. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 50 funfun, gíráàmù 5 dúdú ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá ń fojú wọ̀n ọ́n á rí i pé apá kan gan lórí tábìlì, apá kejì ṣì ń fà bí ilá ní ọjọ́ kẹta. Ẹ rò ó títí tí ìlà funfun kan kò ní hàn níbẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n kọ B-2 sí lára ń fún èèyàn ní nǹkan bí wákàtí méjì láti fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ooru bá mú, tàbí tí ojú ọjọ́ bá lọ́rinrin, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó po èyí tó máa lò fún odindi táǹkì lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà ló kó ara rẹ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó. Ẹ fi ìṣẹ́kù kan sára páálí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun ni ẹ máa fọwọ́ tẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ti inú táǹkì ti gan.

Ti rìbẹ́ẹ̀tì kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má ṣe kàn án ní gbígbẹ. Kí gọ́ọ̀mù wà nínú ihò kí rìbẹ́ẹ̀tì tó wọlé, kí ẹ sì fi díẹ̀ bo orí rẹ̀ nínú táǹkì lẹ́yìn tí ẹ bá ti kàn án tán. Bí gọ́ọ̀mù bá ti ń le, ẹ dáwọ́ kíkàn dúró, nítorí kò ní lè wọ àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́.

Páànù ẹ̀yìn ni ọ̀nà àbáwọlé tó kẹ́yìn. Tí ẹ bá ti dé e, ọwọ́ kò lè dé inú mọ́ àfi kí ẹ gé e. Síbẹ̀, orí ìkánjú ni ọ̀pọ̀ ti ń dé e. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo èérún páànù tí dírìlì gé kúrò, kí ẹ fi ọwọ́ gbé fulóòtù gééjì, èyí tó ń léfòó láti fi ìwọ̀n epo hàn, sókè sódò kí ẹ rí i pé kò há sára páànù òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù ọ̀nà atẹ́gùn: bó bá dí, epo kò ní ṣàn dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táǹkì kún. Igun méjèèjì níbi tí páànù ẹ̀yìn ti pàdé egungun ìparí ni ó máa ń jò jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ má ti ṣahun gọ́ọ̀mù.

Àwọn kan tún máa ń yí àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn padà nítorí pé ó dà bí ẹni pé ọgbọ́n tiwọn dára jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, olórin John Denver kú nínú Long-EZ, bàálù àtòfọwọ́ara-ẹni, ní etíkun California. Ẹni tó tò ó ti gbé ọwọ́ tí wọ́n ń yí láti yan táǹkì tí epo máa ti wá lọ sẹ́yìn èjìká òsì awakọ̀, ibi tí ó ṣòro láti nawọ́ dé. Àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà ka ibi tí wọ́n gbé e sí mọ́ ohun tó fa ìjàǹbá náà.

Ìdánwò jíjò ló wá kù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó ń dá ọkàn mi rú jù wà. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí fọ́kánáísà fi ń fẹ́ táyà wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí páànù ẹ̀yìn bá gùn ní ínṣì 48, tó sì fẹ̀ ní ínṣì 8, pọ́n-ùn kan péré lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ti di pọ́n-ùn 384 lórí páànù yẹn. Ẹ̀rọ táyà á gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó yí ojú, páànù á sì wú tàbí kó fà ya. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàlúùnù ọmọdé ni ẹ máa so mọ́ ẹnu páìpù atẹ́gùn, kí ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ díẹ̀ títí tí yóò fi dúró, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí táǹkì o, torí òun ló sábà máa ń jò, tí ẹni tó tò ó á sì máa wá ẹ̀ṣẹ̀ lára rìbẹ́ẹ̀tì. Bí bàlúùnù bá rọ̀ ní òru tó sì tún wú ní ọ̀sán, òtútù àti ooru ni, kò túmọ̀ sí pé ó ń jò.

Bó bá ń jò lóòótọ́, ẹ má da oògùn olómi tí wọ́n máa ń mì kiri inú táǹkì sí i. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó lè ṣí bí awọ, kó lọ dí ẹnu páìpù tó ń fa epo. Ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ibẹ̀ láti ìta; epo á kàn wá ibòmíràn gbà ni. Inú ni à ń gbà ṣe é, bó tilẹ̀ gba pé kí ẹ gé ojú fèrèsé sí páànù ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi páànù mìíràn dé e padà. Bí ẹ bá ti da 100LL sínú rẹ̀, epo bàálù tó ní àwọ̀ búlúù, ẹ máa wo abẹ́ ìyẹ́ kí ẹ tó fò: àbàwọ́n búlúù yí rìbẹ́ẹ̀tì kan ká á fi ibi tó ń jò hàn yín kí ẹ̀kán epo kan tó kán sílẹ̀.