Àṣìṣe táwa ayafọ́tò ń ṣe látìgbà tí fóònù ti gbòde

Ìjẹ̀bú Òde ni mo ti ń yafọ́tò láti ayé fíìmù oní 36, ìyẹn fíìmù tó ń gba fọ́tò mẹ́rìndínlógójì péré, ìgbà tó jẹ́ pé tó o bá ti tẹ kámẹ́rà báyìí owó ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ má fi owó pọ́ọ́kú bá fóònù du oníbàárà. Ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀, kò sí bó o ṣe lè já owó ẹ wálẹ̀ tó tó máa kéré ju ọ̀fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ọwọ́ ló máa ń gbé fóònù sókè, táwọn ẹlẹ́ṣin bá ti ń bọ̀ báyìí fọ́tò ti dé Lọ́ńdọ́nù kí wọ́n tó dé iwájú Awùjalẹ̀, kí lo wá fẹ́ sáré tà níbẹ̀? Fọ́tò ẹgbẹ́ ni kó o lọ bá àwọn Rẹgbẹrẹgbẹ, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, sọ kí ọjọ́ tó pé, èyí tí gbogbo ojú hàn nínú ẹ̀, tí àwọ̀ aṣọ ò yí, tó ṣeé gbé kọ́ ògiri.

Ẹ má bá àlejò jà lóde ìnáwó torí ó na fóònù síwájú yín.

Ẹ má sì ṣe bíi Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù. Ilé iṣẹ́ wọn ni Steven Sasson ti ṣe kámẹ́rà dìjítà lọ́dún 1975, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á pa ọjà fíìmù, nígbà tó fi máa di January 2012 gbèsè ti gbé wọn dé kóòtù.

Fọ́tò tẹ́ ẹ bá fi WhatsApp ránṣẹ́ lásán máa ń dín kù, tí wọ́n bá lọ tẹ̀ ẹ́ tóbi á rí bàìbàì, orúkọ yín ló máa bàjẹ́. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni àìtọ́jú iṣẹ́. Ìyá kan wá láti Ṣágámù, ọkọ ẹ̀ ti kú, ó ní ṣé mo ṣì ní fọ́tò ìkómọ àkọ́bí wọn, ti 1991. Inú agolo Bournvita ni mo ti bá nẹ́gátíìfù ẹ̀, ìyẹn fíìmù tí dúdú ti di funfun, tí funfun ti di dúdú, mo gbé e sí ojú iná, irun funfun, eyín dúdú, màmá ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ níbẹ̀ àfìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ló bá dì í mọ́yà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kan tí mo yà ní 2016, inú hard disk kan ṣoṣo ni mo kó o sí, ó já bọ́, gbogbo ẹ̀ sì lọ. Màmá ìyàwó ti ṣaláìsí báyìí, ìyàwó yẹn wá bá mi, mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fún un, ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa kó iṣẹ́ sí, kí ọ̀kan má gbé inú ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ ẹ tó gba bàláǹsì yín, ẹ tẹ ẹyọ kan ó kéré tán sórí pépà, kẹ́ ẹ fi bírò kọ orúkọ àti déètì sẹ́yìn ẹ̀.