Bí A Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà Zorki-4 Ya Fọ́tò

Ọdún 1956 ni ilé iṣẹ́ KMZ ní Krasnogorsk, lẹ́bàá Moscow, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Zorki-4, wọn kò sì dáwọ́ dúró títí di 1973. Lédè Rọ́ṣíà, ẹni tí ojú rẹ̀ mú ni wọ́n ń pè ní zorki. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n bíi Leica ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n wò ṣe ẹbí rẹ̀. Kò lo bátìrì, kò sì ní ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ àti ọwọ́ rẹ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, ohun tí mo sì fẹ́ràn lára rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Òfin kan wà ṣáájú ohun gbogbo. Kọ́kọ́ yí kókó ńlá tó wà lókè lápá ọ̀tún kí o tó fọwọ́ kan kókó eré ṣọ́tà. Ṣọ́tà ni aṣọ inú kámẹ́rà tó ń ṣí, tó sì ń padà dé, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù. Kókó ńlá yẹn ló ń gbé fíìmù síwájú, òun náà ló ń múra ṣọ́tà sílẹ̀. Bí o bá yí eré padà kí ṣọ́tà tó múra, nọ́ńbà tí o rí lè má bá ohun tó wà nínú mu, irin inú rẹ̀ sì lè há. Tó o bá fẹ́ yí eré, gbé kókó rẹ̀ sókè díẹ̀, yí i, kí o jẹ́ kó jókòó padà. Má fi ìka kàn án nígbà tí o bá ń ya fọ́tò, torí ó máa ń yí fúnra rẹ̀.

Yẹ kámẹ́rà náà wò kí o tó ná owó lórí fíìmù. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi rọ́bà bò ni ṣọ́tà rẹ̀. Yí lẹ́ǹsì kúrò bí a ṣe ń ṣí ìdérí ìgò, yọ ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ yàrá tó ṣókùnkùn, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí aṣọ náà láti iwájú, kí o wò ó láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ tín-ín-tín bí ìràwọ̀, ó ti lu nìyẹn. Oòrùn ló sábà máa ń ṣe é: ẹnì kan gbé kámẹ́rà kojú sí i láìdé lẹ́ǹsì, lẹ́ǹsì sì kó iná jọ sójú kan títí aṣọ fi jó. Ọ̀dà aṣọ dúdú tí kì í gan la fi ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Dákun, máa dé lẹ́ǹsì rẹ ní gbogbo ìgbà tó ò bá ya nǹkan.

Fíìmù 35mm tí wọ́n ń tà káàkiri ló ń lò. Kọ́kọ́rọ́ méjì wà nísàlẹ̀ kámẹ́rà. Yí wọn, kí o fa gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Yọ róòlù òfìfo tó wà lápá ọ̀tún, ki ẹnu fíìmù bọ abẹ́ irin ara rẹ̀, kí o dá òun àti agolo fíìmù padà sáyè wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín jíà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ihò etí fíìmù. Ti ẹ̀yìn padà, ya òfìfo méjì, kí o wá fi ọwọ́ dá ònkà padà sí òdo.

Wàyí o, rọra yí kókó òsì títí yóò fi le. Láti ìgbà náà lọ, bí o bá ti ń yí ti ọ̀tún, ti òsì gbọ́dọ̀ máa yí. Bí kò bá yí, fíìmù kò lọ nìyẹn. Mo ti ya ìkómọjáde kan láti òwúrọ̀ dọ̀sán láìwo kókó yẹn, fíìmù náà sì jáde lófìfo. Ó ṣì ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ náà.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, òjìji ni kí o máa wò. Bí fíìmù rẹ bá jẹ́ ISO 200 (nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), tí oòrùn sì ràn tí òjìji hàn ketekete nílẹ̀, fi eré sí 250 (ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá), fi òrùka ihò lẹ́ǹsì sí 16. Nígbà ọyẹ́ tí òjìji bá fẹ́lẹ́, lo 11. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, 8. Lábẹ́ ibòji, 4. Bí nọ́ńbà lẹ́ǹsì bá ṣe ń kéré ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ń fẹ̀ sí i. Bí o bá ń ṣiyèméjì, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Fíìmù nẹ́gẹ́tíìfù ń fara da àpọ̀jù ju àìtó lọ. Òrùka ihò lára Jupiter-8, lẹ́ǹsì tó sábà máa ń wà lára Zorki-4, kì í ta kọ́ bí a bá ń yí i, ọwọ́ lè sún un láìmọ̀.

Wo inú ihò ìwòran. Láàárín rẹ̀, ohun tí ò ń wò á di méjì; yí lẹ́ǹsì títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Wá ìlà tó tọ́, bí igun ilẹ̀kùn tàbí etí fìlà. Bí kò bá sáyè fún èyí, bóyá ọmọdé ló ń sáré, fi lẹ́ǹsì sí 16 àti mítà 5: láti bíi mítà 2 ààbọ̀ títí dé òkèèrè ni yóò mọ́.

Bí kókó ọ̀tún bá kọ̀ tí kò yí mọ́ nígbà tí fíìmù bá tán, má fipá yí i. Tẹ òrùka tó yí bọ́tìnnì tí a fi ń ya fọ́tò ká mọ́lẹ̀, yí i kó dúró síbẹ̀, kí o fi kókó òsì ká fíìmù padà títí yóò fi fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà náà ni kí o tó ṣí ẹ̀yìn, kí o gbé fíìmù lọ fún ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Bí o bá ń gbé kámẹ́rà náà pa mọ́, má ṣe yí kókó ńlá sílẹ̀ dè fọ́tò ọjọ́ mìíràn.