Bí Sítátà Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Bá Kọ̀ Tí Kò Yí

Ọ̀pọ̀ sítátà tí wọ́n ń tú sílẹ̀ ní èbúté, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Lórí ọ̀sà Èkó, omi oníyọ̀ á ti jẹ orí bátìrì, á ti jẹ inú wáyà àti ibi tí wọ́n so ẹ́ẹ̀tì, wáyà tó ń dá iná padà sí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kó tó kan sítátà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi sípánà sílẹ̀ ná. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbọ́ ló máa sọ ibi tí ẹ ó wò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì kí òórùn epo jáde, ẹ rí i pé jíà wà ní níútírà, kí ẹ sì yọ okùn ààbò tí awakọ̀ máa ń so mọ́ ọwọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, sítátà á ṣì yí bí okùn yìí ò bá sí níbẹ̀, àmọ́ púlọ́ọ̀gì ò ní ta iná. Bí sítátà bá ń yí dáadáa tí ẹ́ńjìnnì ò sì gbà, okùn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà epo àti púlọ́ọ̀gì. Sítátà ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá pa lọ́lọ́, ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú síbi tó ti ń sítáàtì, kí ẹ máa mi ọwọ́ jíà díẹ̀díẹ̀ síwá sẹ́yìn. Súìṣì kékeré kan wà nínú àpótí ọwọ́ jíà tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi ní níútírà. Bí sítátà bá gbà bí ẹ ṣe ń mì í, okùn jíà ti yẹ̀ tàbí súìṣì náà ti ń kú lọ. Bí kò bá gbà, ẹ wo fíúsì ńlá, tó sábà máa ń jẹ́ 20 àńpíà. Bí tuntun tí ẹ fi síbẹ̀ bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó níbìkan. Ẹ má fi 30 rọ́pò rẹ̀, wáyà ni yóò jó dípò fíúsì. Lẹ́yìn fíúsì, ẹ wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ sólínọ́ìdì, ìyẹn súìṣì ńlá tó ń gbé iná bátìrì fún sítátà: aláwọ̀ búráùn ni lórí Yamaha, aláwọ̀ yẹ́lò tó ní ìlà pupa ni lórí Mercury. Bí 12 fólítì bá dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ àti súìṣì níútírà ò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wo ẹ́ẹ̀tì sólínọ́ìdì, lẹ́yìn náà sólínọ́ìdì fúnra rẹ̀.

Bí ó bá ń dún tá-tá-tá-tá, bátìrì ni tàbí orí bátìrì. Ẹ gbé mítà tí a fi ń wọn iná sí 20 fólítì DC. Bátìrì tó sinmi mọ́jú, tó sì kún, á fi nǹkan bíi 12.6 hàn, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bí kò bá tó 12, ẹ lọ ṣájì rẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó o. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà ṣì wà lórí rẹ̀: bí ó bá já wálẹ̀ tí kò tó 9.6 mọ́, bátìrì náà ò lágbára mọ́, ohun yòówù kó fi hàn nígbà tó ń sinmi. Bátìrì tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára mọ́tò ló máa ń ṣe báyìí jù.

Ẹ tú orí bátìrì, ti nẹ́gẹ́tífù ṣáájú. Ẹ da omi gbígbóná sí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé, kí ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán. Àwọn nọ́ọ̀tì elétí tí wọ́n ń fi ọwọ́ dè, ẹ kó wọn dànù. Ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì ń tú wọn. Èyí tó ní òrùka ọ̀rá nínú ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Kọ́! ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì dákẹ́: ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Sólínọ́ìdì ti ṣiṣẹ́, àmọ́ iná tó nípọn ò dé sítátà. Ẹ fi wáyà pupa mítà kan orí pọ́sítífù bátìrì gan-an, kì í ṣe irin tó dì í mú, kí ẹ fi dúdú kan nọ́ọ̀tì ńlá ara sítátà. Á fi 12 hàn. Ẹ má kà á sí. Ìgbà tí ẹnìkan bá yí kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ tó kà á. Bí ó bá ju 0.5 lọ, iná ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ wá a ní abala-abala: súìṣì bátìrì, wáyà, nọ́ọ̀tì méjì ńlá sólínọ́ìdì. Bí 12 bá ṣì wà láàárín nọ́ọ̀tì méjì yìí lẹ́yìn tó ti dún, inú rẹ̀ ti jó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe bákan náà láti ara sítátà sí orí nẹ́gẹ́tífù. Ẹ má fi sukúdíráfà so nọ́ọ̀tì méjèèjì pọ̀ bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Iná tó ń ta níbẹ̀ lè gbá òórùn epo mú.

Bí wáyà bá dára gbogbo, ẹ́ńjìnnì lè ti gan. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí okùn ààbò má sì sí níbẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí fúláìwíìlì, irin rìbìtì ńlá tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá jáde lójú ihò púlọ́ọ̀gì, ìdí nìyẹn: omi kì í ṣeé fún pọ̀. Bí fúláìwíìlì bá yí wẹ́rẹ́, ó wá kan sítátà. Ẹ tú u, kí ẹ wo kábọ̀n rẹ̀ bóyá ó ti jẹ tán. Ẹ fi sáńpépà 600 dán bàbà tó ń fara kàn.

Bí sítátà bá ń yí wíí tí eyín rẹ̀ ò gòkè mú fúláìwíìlì, ìpẹtà tàbí gíríìsì tó ki ló dì í mú. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí i. Gíríìsì tuntun á tún gbá iyanrìn jọ. Bátìrì tó rẹ̀ náà lè fa èyí, torí yíyí kíákíá ló ń ju eyín náà sókè lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tú-sítírókù.

Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ẹ tó tún un yí. Bí ó bá sì jẹ́ àárín ọ̀sà ni ó ti kọ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré bíi alágbára ẹṣin 40 (40 hp) ṣeé fi okùn fà lórí fúláìwíìlì, àmọ́ súìṣì níútírà ò ní dáàbò bò yín nígbà náà: ẹ fi ojú ara yín rí i pé jíà ò wọlé, kí ẹ dá okùn ààbò padà sáyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró lẹ́yìn ẹni tó ń fà á.