Òkúta gbígbẹ fún gíláàsì ẹja òkun mi

Nígbà tí mo rẹ òkúta gbígbẹ náà (òkúta oníhò tí kò ní ohun alààyè lára) sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, fọ́sífétì omi náà lọ sókè, oúnjẹ ewédò gan-an. Ẹja ti wà nínú gíláàsì, n kò lè jù ú síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ihò rẹ̀, mo rẹ ẹ́ sínú omi oníjáfẹ́ẹ̀lì (bílíìṣì, èyí tí wọn kò fi lọ́fínńdà sí o!), mo ṣàn án dáadáa, mo sá a sóòrùn títí òórùn jáfẹ́ẹ̀lì fi lọ tán. Ó wá kan omi iyọ̀, bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, pẹ̀lú pọ́ǹpù, nínú òkùnkùn kí ewédò má baà hù. Ẹ má bu ti ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): òjò máa ń yí iyọ̀ rẹ̀ padà. Mò ń pààrọ̀ omi náà títí ámóníà, májèlé tó ń ti ara ohun tó ń jẹrà wá, fi di òdo, tí fọ́sífétì sì wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wá ń kó àwọn òkúta náà sínú gíláàsì.